Ìtàn Tí A Ń Fi Ẹsẹ̀ Ara Wa Rìn: Àwọn Géèmù Onítàn Àtijọ́ àti Ohun Tí Ó Mú Wọn Pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa. Wọn a ní, kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń kọ́ nípa èdè àti ìtàn Yorùbá pẹ̀lú géèmù orí kọ̀ǹpútà? N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó máa lọ. Kí ni ó mú kí ènìyàn tí ó ti ń lọ sí ogójì ọdún, tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí ó ní aya àti ọmọ, máa padà sí ìdí eré kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1999, eré tí àwòrán inú rẹ̀ ti ṣá, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn etí òkun, nígbà tí àwọn eré titun tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀? Mo rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, mo sì tún rí wọn ní Lẹ́kkí Phase 1 nígbà tí mo padà dé. Lójú tèmi, ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ nípa ìtàn kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ yìí.

Kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú eré tí mo ń wí. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ ìdíje. Nínú èyí tí mo ń wí, ẹni tí ń ṣeré yóò gbé ìgbé ayé ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Yóò yan iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, bí jagunjagun ni o, bí olè ni o, bí onídán ni. Yóò kó ẹlẹgbẹ́ jọ, yóò rìnrìn àjò, yóò sì máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá sọ fún wọn ni yóò pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀la. Ibi tí irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá. Ní ọdún 1974, àwọn ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn ènìyàn a jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan a máa sọ ìtàn, àwọn yòókù a sì máa jẹ́ àwọn tí ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Apàlọ́ àti àwọn elégbè rẹ̀ ni wọ́n, àfi pé níhìn-ín elégbè lè yí ìtàn mọ́ apàlọ́ lọ́wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní Yunifásítì Illinois, ní ọdún 1975, wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan tí ń jẹ́ PLATO, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀kọ́ kíkọ́. Ẹnì kan kọ eré kan sínú rẹ̀, ó sọ ọ́ ní pedit5, orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kan létí ẹni tí kò bá mọ̀, kí àwọn aláṣẹ má baà fura. Àwọn aláṣẹ fura, wọ́n pa á rẹ́. Kò pẹ́ tí òmíràn fi dìde ní ipò rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwa olùkọ́ yunifásítì máa rántí ìtàn yìí nígbà tí a bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ẹ̀rọ ilé ìwé ṣe ohun tí a kò rán an.

Ní ọdún 1985, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Garriott ṣe Ultima IV. Títí di ìgbà náà, ohun tí géèmù báyìí ń béèrè kò ju pé kí ènìyàn pa ọ̀tá búburú kan ní òpin ìrìn àjò. Nínú Ultima IV, kò sí ọ̀tá kan bẹ́ẹ̀ tí a ń lépa. Ohun tí a rán ènìyàn ni pé kí ó ní ìwà. Ìwà mẹ́jọ ni wọ́n kà sílẹ̀, òtítọ́, àánú, ìgboyà, ìdájọ́ òdodo àti ìrẹ̀lẹ̀ sì wà lára wọn. Kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin aláfọ̀ṣẹ kan yóò bi ènìyàn ní ìbéèrè tí kì í ṣe láàárín rere àti búburú, bí kò ṣe láàárín rere méjì, èyí tí ó bá sì mú ni yóò sọ irú ẹni tí yóò jẹ́ ní ayé tí ó fẹ́ wọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa àkúnlẹ̀yàn yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ọlọ́jà afọ́jú kan wà nínú eré náà tí ń ta èròjà oògùn. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ iye tí ó kà sílẹ̀. Bí ó bá rẹ́ afọ́jú náà jẹ, ẹnikẹ́ni kò ní pariwo olè lé e lórí, ọlọ́jà náà yóò tún kí i pé ó ṣeun. Ó di ẹ̀yìn ọ̀la, nígbà tí ó bá fẹ́ parí iṣẹ́ tí a rán an, kí ó tó mọ̀ pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ibì kan. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rántí mọ́ ọ̀tá tí wọ́n pa nínú eré ìgbà náà, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbàgbé afọ́jú yìí.

Síbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí a jókòó tì dáadáa ni Planescape: Torment, tí ilé iṣẹ́ Black Isle ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1999. Chris Avellone ni aṣáájú àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, iye ọ̀rọ̀ náà sì tó 800,000 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ. Ìwé ńlá mélòó kan ni ìyẹn. Ọkùnrin kan jí lórí pẹpẹ ní ilé òkú. Kò mọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì mọ bí ó ti dé ibẹ̀. Ara rẹ̀ kún fún àpá. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn, níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò lè tó. Agbárí kan tí ń fò káàkiri, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morte, ni ó ka ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọkùnrin yìí kò lè kú. Bí wọ́n bá pa á, yóò tún jí, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ lè nù, ẹlòmíràn ní ibòmíràn ni yóò sì kú dípò rẹ̀. Bí ó ti ń rìn ni ó ń pàdé àwọn tí ó ti ṣẹ̀ ní ayé rẹ̀ àtijọ́: obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tí ó sì fi rúbọ, ọkùnrin tí ó fi ọgbọ́n ẹ̀tàn sọ di ẹrú.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí ọ̀rọ̀ àbíkú kò ní sọ sí i lọ́kàn. Àwọn òbí a máa fi abẹ sàmì sí ara òkú àbíkú, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún padà wá. Nínú géèmù yìí, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó sàmì sí ara rẹ̀, kí òun lè dá ara òun mọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan sì wà níbẹ̀. Àbíkú mọ ohun tí ó ń ṣe, ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ ní ọ̀run. Àwọn òbí rẹ̀ ni kò mọ̀. Ní ti ọkùnrin yìí, ìlú mọ ohun tí ó ti ṣe, òun nìkan ni kò mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣeré kò kàn ń ka ìtàn ẹlẹ́ṣẹ̀ kan. Òun ni a ń bi léèrè, òun ni yóò dáhùn. Àjẹ́ arúgbó kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó lè yí ìwà ẹ̀dá padà. Kì í ṣe àlọ́ tí ó ní ìdáhùn kan ṣoṣo; ohun tí arúgbó náà ń fẹ́ ni pé kí ó dáhùn láti inú ọkàn ara rẹ̀. Mo ti bá ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún jiyàn lórí ìbéèrè yìí, kò sì sí méjì nínú wọn tí ó dáhùn bákan náà. Géèmù náà kò tà bíi ti Baldur's Gate tí ó ti jáde ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 wọ́n tún un ṣe fún kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí àti fún fóònù, àwọn ènìyàn sì rà á.

Àwọn kan sọ pé ìrántí ìgbà èwe ni ó ń fa àgbàlagbà padà sí ìdí irú eré báyìí. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000 tí wọ́n ń ṣe é tí orí wọn ń gbóná. Ẹ wo bí a ti ń dá Ifá. Ẹni tí ó wá béèrè kì í sábà sọ ohun tí ó gbé e wá fún babaláwo. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ odù tí ó bá jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Oníbèéèrè ni yóò gbọ́, òun ni yóò sì dá ìtàn tirẹ̀ mọ̀ láàárín wọn. Bí ó bá tún padà wá ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹsẹ kan náà lè bá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ayé rẹ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú géèmù tí ó ní ìtàn tòótọ́ nínú. Ẹni tí ó ṣe é ní ọmọ ogún ọdún, tí ó tún ṣe é nígbà tí òun náà ti dalẹ̀ ọ̀rẹ́ kan, kò ní yan ohun kan náà. (Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́ ọn pé 256 ni odù Ifá, 256 náà sì ni oríṣi ohun tí báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a kọ́ ilé lé e lórí.)

Kí a má ṣe gbàgbé D. O. Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Lángbòdó. Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹ̀fọ́ìyẹ ní ọfà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Ohun tí ẹnì kan kò ní, ẹnì kejì rẹ̀ ní in. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe Baldur's Gate yóò rí i pé bí a ti ń to ẹgbẹ́ ìrìn àjò níbẹ̀ gan-an nìyí, Fágúnwà sì ti ṣe é ní ọgọ́ta ọdún géérégé kí Baldur's Gate tó jáde. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n tí irú géèmù báyìí ń tà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Báwo wá ni wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó? Ní ìparí ọ̀rúndún ogún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí a wà yìí, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe géèmù ni ṣọ́ọ̀bù tí ń gba owó wákàtí tàbí owó ìdíje kọ̀ọ̀kan. Géèmù bọ́ọ̀lù ni ó jọba níbẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí: ìdíje kan kì í pẹ́ parí, ènìyàn méjì ni ó ń san owó, àwọn òǹwòran sì ń pariwo. Ta ni yóò jókòó sí irú ibẹ̀ fún 50 wákàtí láti ka ìtàn? Bí iná bá sì lọ kí ó tó fi ibi tí ó dé pamọ́, gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò. Nítorí náà géèmù onítàn di ohun inú ilé, ti àwọn ọmọ tí baba wọn ní kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀. Àwo síídì tí wọ́n dà kọ, tí wọ́n ń tà ní Otigba ní Ìkẹjà, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó dàgbà tí wọ́n di òṣìṣẹ́ báǹkì àti òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí a wá ń rí ní Lẹ́kkí Phase 1.

Mo ní ohun kan láti sọ nípa àdúgbò yìí. Iyanrìn ni wọ́n dà sórí irà kí wọ́n tó kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Odi ga, géètì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ilé kan lè máà mọ orúkọ ọmọ ilé kejì. Kò sí ojúde tí arúgbó lè jókòó sí ní alẹ́ kí àwọn ọmọ yí i ká. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Màrókò wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ojúde pọ̀ sí, tí ènìyàn sì pọ̀ sí, kí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó tó fi katakata wó o ní oṣù Keje ọdún 1990. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ní wọ́n tó 300,000, tú ká sí ibi tí olúkúlùkù lè rí forí pamọ́ sí, wọ́n sì gbé ìtàn ìlú náà lọ pẹ̀lú ara wọn. Nígbà tí ọmọ Lẹ́kkí Phase 1 bá ń wá ìtàn ní alẹ́, inú ẹ̀rọ ni yóò ti bá a. N kò bá a wí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo irú eré yìí tí mo ti ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni apàlọ́ inú ẹ̀rọ náà ń sọ.

Àwọn ìtàn inú ẹ̀rọ pàápàá ń sọnù. Ní ọdún 2023, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí ń tọ́jú ìtàn géèmù ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù tí ó jáde lọ́hùn-ún ṣáájú ọdún 2010, nǹkan bí 87 ni a kò lè rí rà lọ́jà mọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Beamdog ní Kánádà fẹ́ tún Icewind Dale II ti ọdún 2002 ṣe, wọn kò rí ojúlówó ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ mọ́, iṣẹ́ náà sì dúró síbẹ̀. Ogún ọdún kò tíì pé nígbà náà! Àwa tí a máa ń ṣàánú pé baba wa kò kọ nǹkan sílẹ̀ lè kọ́ ọgbọ́n nínú èyí: ẹsẹ Ifá ti la ọ̀rúndún kọjá nínú orí àwọn ọmọ awo, èyí tí wọ́n kọ sórí àwo síídì kò sì pé ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Pólándì, nítorí ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Àwo tí wọ́n dà kọ ni ó kún ọjà wọn náà lẹ́yìn ọdún 1989. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Marcin Iwiński àti Michał Kiciński, dá CD Projekt sílẹ̀ ní ọdún 1994. Ní ọdún 1999 wọ́n túmọ̀ Baldur's Gate sí èdè wọn pátápátá, wọ́n pe àwọn òṣèré tí ìlú mọ̀ kí wọ́n wá fi ohùn sí i, wọ́n sì dì í sínú páálí tí ó dára. Owó rẹ̀ ju ti àwo ayédèrú lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní, 18,000 ni wọ́n tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tiwọn, ibi tí wọ́n sì lọ ni ọ̀dọ̀ Andrzej Sapkowski, òǹkọ̀wé wọn tí ó ti ń kọ ìtàn ọdẹ àwọn ẹbọra láti ọdún 1986. The Witcher jáde ní ọdún 2007; apá kẹta rẹ̀, ti ọdún 2015, ti tà ju 50,000,000 lọ. Sapkowski ti kọ ìpín nínú èrè, owó ọwọ́ kan ni ó gbà, nítorí kò gbàgbọ́ pé eré náà lè tà. Ó di ọdún 2019 kí wọ́n tó ṣe àdéhùn titun. Kí àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa fi etí sí ìyẹn.

Nítòsí wa, ní Yaoundé ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, Olivier Madiba àti ilé iṣẹ́ Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ìtàn ọmọ ọba kan ni, tí àna rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jọba, tí òun àti aya rẹ̀ sì bọ́ sójú ọ̀nà àjò. Ogójì ọ̀kẹ́ àbùkù ni ènìyàn lè rí nínú eré náà, n kò sì ní sọ pé ó tó Torment. Ṣùgbọ́n ọba inú rẹ̀ jẹ́ ọba, aya inú rẹ̀ sì jẹ́ aya, bí àwa ti mọ ọba àti aya sí.

Mo ti ń ronú pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbìyànjú láti túmọ̀ Torment. Ní ti ẹ̀rọ, kò ṣòro tó bí ènìyàn ti lè rò: gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ dialog.tlk, nípa fáìlì yìí sì ni àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ní ilẹ̀ mìíràn ti fi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn. Iṣẹ́ yóò wà lórí yíya àwọn lẹ́tà wa tí ó ní àmì, nítorí ìran lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ ẹ àti ọ pẹ̀lú ohùn lórí wọn. Inú èdè gan-an ni ìṣòro wà. Morte, agbárí tí ó kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ní ilé òkú, ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Irọ́ ni. Ó ti bá a rìn ní ayé mìíràn, ó sì fo gbólóhùn kan nígbà tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé agbárí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ni Morte ń lò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Ní Yorùbá, ó níláti yan “o” tàbí “ẹ” nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí ó bá sọ “ẹ” fún àjèjì tí ó bá ní ìhòòhò lórí pẹpẹ òkú, a ó béèrè ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá sì sọ “o”, kí ni a ó ṣe nígbà tí àṣírí bá tú, tí a mọ̀ pé ọkùnrin tí ó ń bá ṣẹ̀fẹ̀ yìí ni ó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ pípẹ́? Mo ti gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ní ẹ̀ka wa. Ọ̀kan ní “ẹ” ni, ó sì ní kí a jẹ́ kí òǹṣeré fura. Èkejì ní “o” ni, ṣùgbọ́n kí ó ṣèèṣì sọ “ẹ” lẹ́ẹ̀kan péré, ní ibi tí ẹ̀rù bá ti bà á.